Orúkọ tí O Kọ sí Ìwé Mi ní Titirou

Zongo, Parakou

Mùzàmmílù, ọmọ mi,

Jọ̀wọ́, má bínú pé mo gbójú láti kọ̀wé sí ọ. Ọdún kìíní mi nìyí ní kíláàsì àwọn àgbà ní Banikanni, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n lórí kálàmù. Bí lẹ́tà kan bá wó lu èkejì, ẹ̀bi ọwọ́ ni, kì í ṣe ti ọkàn. Mo kí ọ ní Kùtọnú níbẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há, o kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

A wà dáadáa. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti fúyẹ́, ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Hàníyyà àbúrò rẹ ti bí obìnrin. Nọ́ńbà rẹ tó wà lọ́wọ́ mi, obìnrin kan tó ń sọ Faransé ló máa ń gbé e, mo sì gbà pé ìyàwó rẹ ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń kí i, tí mo ń béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀, kò kí mi padà rí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ. Mi ò bínú sí i.

Ọdún mẹ́fà rèé tí ìwọ àti bàbá rẹ ti jà lórí orin tí o fi kúrò nílé. Nígbà tí Lùbàbà, ọmọ ilé kejì, sọ pé o ń bọ̀ wá kọrin ní gbọ̀ngàn kan ní Titirou níbí, mo dín wàrà, mo wọ aṣọ tí mo fi ń pàdé àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé, èmi àti Lùbàbà sì gun alùpùpù zẹ́mì lọ. Mo sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn pé èmi ni ìyá rẹ. Ó ní lónìí, èmi ni ìyá kẹta fún Mùzá, bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ níbẹ̀, kí n lọ bá àwọn yòókù lẹ́yìn ilé. Mo wá àwọn ìyá náà títí láti kí wọn, àwọn ọmọge nìkan ni mo bá.

Láti ìgbà tí a kírun Àsárì ni a ti dúró sínú oòrùn. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, gbogbo wọn káwọ́ lérí, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pe orúkọ rẹ. Mùzàmmílù, nílé wa, ta ni a ń pe orúkọ rẹ̀ báyẹn bí kò ṣe òkú? Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo tú gèlè mi, mo ní Ọlọ́run ló fún mi, òun náà ló gbà á. Wàrà dà sínú yẹ̀pẹ̀. Lùbàbà ló gbé mi dìde, ó ní ayọ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́kún, pé ìwọ rèé.

Lóòótọ́ ni, ìwọ rèé. O ti rù. Gbogbo wọn na ìwé sí ọ, èmi náà na ìwé kíláàsì mi bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe. O gbà á, ọwọ́ rẹ kan ọwọ́ mi. O kọ nǹkan sí i láìgbójú sókè, o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà tí a kò mọ̀, o sì wọ mọ́tò.

Mo ti ka ohun tí o kọ lóòró àti níbùú, mi ò rí orúkọ rẹ níbẹ̀. Mo rò pé olódo ni mí. Mo gbé e lọ fún Fàòsíyà, olùkọ́ wa, ó ní òun náà kò lè kà á. Ojú ewé yẹn ni mo ti kọ Mùzàmmílù lẹ́ẹ̀méjìlá fún iṣẹ́ àṣetiléwá, orí rẹ̀ gan-an lo kọ tìrẹ lé.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì ń kọ̀wé béèrè owó. Èmi kò béèrè owó. Kọ orúkọ tí a sọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, kí n lè kà á. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé gbà ọ́, á jẹ́ kí ìta náà gbà ọ́.

Nígbà tí mo délé, bàbá rẹ béèrè bóyá o dá mi mọ̀. Mo ní o ti rí mi kí n tó pè ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí o bá tún padà wá, òun náà yóò wá dúró. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá na ìwé sí ọ, ọmọ mi, kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Mo ti bẹ Lùbàbà kó má sọ̀rọ̀. Ìwọ náà, má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni. Má jẹ̀ẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ láé pé o kò mọ̀ mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúlúsúmù