Ọkọ̀ Tó La Etí Bàbá Rẹ

Sí ọmọ mi, ọ̀kan ṣoṣo tó ń ṣe bí ogún,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ìrìn, kú ìnáwó ìlú ńlá. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Àpótí tó o ní ó máa ń gbé yín lọ sókè níbi iṣẹ́, ṣé kò tíì gbé ọ gba òrùlé jáde? Kò ní gbé ọ kọjá ibi tó yẹ. Ibi tó dára ni yóò máa já ọ sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò sì ní há mọ́ ọ lára. Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń sùn, a sì ń jí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọn ò fẹnu sọ ọ́, àgbọ̀n ni wọ́n nà sí ìwé tí mò ń kọ, ó sì yé mi.

Kí n tó gbàgbé, owó tó o fi ránṣẹ́ dé. Báńkì ló kọ̀wé sórí fóònù mi, wọ́n pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n. Èmi náà dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo kí wọn, mo béèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ, mo ní tí wọ́n bá ní aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán kí wọ́n má tijú. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí wọn ò fèsì. Aládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe, Onírédíò tó o mọ̀ yẹn, sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kò séèyàn níbẹ̀. Mo ní kó yéé purọ́, ẹ̀rọ wo ló máa pe èèyàn ní ọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti wà lọ́dọ̀ mi látìgbà tí mo ti wà ní omidan, kò tíì pè mí ní nǹkan kan rí.

Ọkọ̀ tuntun tó o rà, èyí tó ń lo iná mànàmáná, mo bá ọ yọ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà ẹ̀ nìkan ló ń kọ mí lóminú. Mo bi Onírédíò pé báwo ni wáyà yẹn ṣe gùn tó láti ilé rẹ dé ibi iṣẹ́, káwọn ọmọdé má lọ fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní wọn kì í wọ́ wáyà káàkiri, wọ́n kàn máa ń kì í bọ iná bíi fóònù ni, tó bá yó wọ́n á yọ ọ́. Ara mi wá balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, tẹ́nì kan bá pe ọkọ̀ yẹn nígbà tó o ń wà á lọ́wọ́, má dá a lóhùn. Kọ́kọ́ páàkì.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ ti àtijọ́, ọkọ̀ asáré pupa tó o gbé sábẹ́ àtíbàbà wa nítorí pé àyè ò gba méjì lọ́dọ̀ rẹ. O ní ẹni tó rà á ń bọ̀ wá gbé e. O ní kó tó dé, kí n máa jí i lọ́jọ́ Sátidé, kí n yí kọ́kọ́rọ́ nìkan, kí n má fọwọ́ kan jíà, kí n jẹ́ kó ké díẹ̀ kí bátìrì má baà kú. O sì ń fowó epo ẹ̀ ránṣẹ́. Mo ṣe é bó o ṣe wí, mo tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọn èjìká ẹ̀, mo wọn ìbàdí ẹ̀, mo rán aṣọ sí i lọ́rùn pẹ̀lú bọ́tìnnì, mo sì fi àpò kan sí ẹ̀gbẹ́, bóyá ó lè ní nǹkan tó fẹ́ fi pamọ́.

Ní báyìí, gbọ́ mi dáadáa. O mọ̀ pé ilé ìlagi tí bàbá rẹ ti ṣiṣẹ́ ló jẹ wọ́n létí. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni pé ó ti burú ju bó o ṣe rò lọ. Nígbà tó o bá wálé tí wọ́n ń mi orí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, o rò pé wọ́n ń gbọ́ ni. Ẹnu rẹ ni wọ́n ń wò. Tó o bá ti wọkọ̀ lọ báyìí, ilé á dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbàgbé èèyàn mọ́ inú rẹ̀. Mo lè pariwo sí wọn lóòótọ́, àmọ́ o mọ̀ bí ilé wa ṣe rí, fèrèsé wa àti fèrèsé Onírédíò ń wo ara wọn lójú. Obìnrin tó ń lọgun mọ́ ọkọ ẹ̀ láàárọ̀, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní ìjà ti dé, wọ́n á wá bá wa parí ẹ̀, wọ́n á sì jókòó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ júwe nǹkan fún wọn, oúnjẹ, omi, aṣọ, ó parí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ó kúkú ń dá mi lóhùn, tàkà-tàkà-tàkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ jí ọkọ̀ rẹ, ẹ̀rù ń bà mí, mo fa bàbá rẹ lọ́wọ́ kí wọ́n wá jókòó tì mí. Ọkọ̀ yẹn rẹlẹ̀ débi pé èèyàn kì í wọ̀ ọ́, ńṣe lèèyàn ń jábọ́ sínú ẹ̀. A jábọ́ síbẹ̀ tán, a ti ilẹ̀kùn, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó kọ́kọ́ wúkọ́ bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, kẹ̀hẹ́, kẹ̀hẹ́, lẹ́yìn náà ló bú jáde, gbùùùrùrùrù, dígí ń gbọ̀n, àyà mi ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ tí mo há mọ́ ọrùn aṣọ mi náà ń gbọ̀n. Mo wòkè bóyá àtíbàbà á wó lù wá, mo rí pákó kan tó ti ń jẹrà, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ nǹkan fún ara mi, pé pákó yẹn ń fẹ́ àtúnṣe. Bàbá rẹ tẹjú mọ́ iwájú, wọ́n ní èwo ni, ti ọ̀tún ni àbí ti òsì.

Ọmọ mi, mo pa á. Mo rọra bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbọ́ mi ni, wọn ò wò mí pàápàá. Mo tún yí i, gbùùùrùrùrù, mo ní ṣé ẹ ń gbọ́ mi, wọ́n ní àwọn ń gbọ́, kí ló dé tí mò ń béèrè bí ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé epo yẹn ni. Ìró ẹ̀ ló ń wọnú etí wọn lọ tó ń ṣí ohun tó dí níbẹ̀, bí omi gbígbóná ṣe ń yọ ọ̀rá nínú ìgò. Kò sí wàhálà kankan nínú oògùn náà àfi pé tí mo bá jáde, ọ̀nà ọ̀fun mi á máa ta mí, ohùn mi á há. Mo gbà pé èéfín ni.

Láti ọjọ́ náà a ò dúró de Sátidé mọ́. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, bàbá rẹ á wẹ̀, wọ́n á wọ bàtà tó dáa, èmi náà á wé gèlè, ó ṣe tán ìrìn àjò là ń lọ. A ò fọwọ́ kan jíà o, bó o ṣe wí. Ojú là ń dì. Ọkọ̀ á máa ké lábẹ́ wa, bàbá rẹ á máa sọ ibi tá a dé. Wọ́n á ní a ti bọ́ sí títì ńlá, a ti kọjá afárá, igi ń sá sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì. Èmi á ní kí wọ́n rọra, òjò ń bọ̀ níwájú. Wọ́n á ní òjò kọ́, ìkùukùu ni, orí òkè la wà. Lọ́jọ́ kan a dé òkun. Mo sọ pé òórùn iyọ̀ ti ń wọlé. Òórùn epo ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi, tí ojú bá ti pẹ́ ní dídì, òkun ló jọ. A jókòó síbẹ̀, omi ń lọ, omi ń bọ̀, ọkọ̀ ń ké jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń kùn lórin.

Etí òkun yẹn ni bàbá rẹ ti sọ pé láti ọjọ́ pípẹ́ wá, àwọn rò pé mò ń bínú sí àwọn ni. Wọ́n ní àwọn ń wo ẹnu mi, ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, títí ó fi pa dé, àwọn wá ń rò ó lọ́kàn pé kí làwọn ṣe fún obìnrin yìí. Mo ní èmi ò bínú, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Wọ́n ní kí ló dé tí mi ò tètè sọ. Mo ní kí wọ́n ṣẹ́rí ọkọ̀ ká máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Bí epo rẹ ṣe tán nìyẹn. Kì í ṣe pé mo tà á.

Arákùnrin tó ra ọkọ̀ náà wá dé, ọmọ dáadáa, ó wọ gíláàsì, sòkòtò rẹ̀ fún un lẹ́sẹ̀. Ó ní láìpẹ́ gbogbo ọkọ̀ ayé á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ológbò lórí ẹní, òun sì fẹ́ gbádùn àwọn tó ń ké kí wọ́n tó tán, òun ti ní bíi mélòó kan nílé, òun máa ń jókòó sínú wọn láìlọ síbì kankan. Mo ní mo mọ irú ìyẹn. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó bi mí bí ara ọkọ̀ ṣe rí, mo ní ara ẹ̀ le, a dúpẹ́. Ó bi mí pé ibo ló ti dé látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ wa, mo ka gbogbo ẹ̀ fún un, òkun, orí òkè, ìlú tí yìnyín ti ń bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà, ó wò mí, kò kọ nǹkan kan.

Nígbà tó béèrè kọ́kọ́rọ́, mo ní mi ò rí i mọ́. Inú agolo bọ́tìnnì mi ló wà. Àṣé bàbá rẹ ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo náà jáde, wọ́n tẹ kọ́kọ́rọ́ lé arákùnrin náà lọ́wọ́, wọ́n ní ọmọ wa ló ni ọkọ̀, ó sì ti tà á. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí i bí.

Ó gbé bàbá rẹ yí àdúgbò ká. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú ẹ̀, ni mo bá dúró. Nígbà tí wọ́n dé, bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ náà ò sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ̀ kàn ń mì ni. Arákùnrin náà ní òun ò dákẹ́ látìgbà tí àwọn ti kúrò nílé. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà ni kò tíì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. A ti ilẹ̀kùn, a gbé dígí sókè, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo ní kí la máa ṣe tó bá lọ tán. Bàbá rẹ ní ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ ìyẹn, ibo la fẹ́ lọ lónìí. Mo ní ká kàn dúró sílé. Ìgbà tá a jáde, arákùnrin náà ti bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún. Ó ní, Màmá, ohùn yín ju ẹ́ńjìnnì lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní nígbà tí mo wà lọ́mọge ni kò bá gbọ́ ọ. Ó wọ ọkọ̀, ó gbé e lọ pẹ̀lú aṣọ tí mo rán. Bàbá rẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé òpó àtíbàbà, wọn ò mú un kúrò títí òpó náà fi dẹ́kun gbígbọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ la tún fi ń júwe. Omi. Aṣọ. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn rọlẹ̀, mo rí i tí bàbá rẹ gbé àga méjì sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibi tí epo ti kán sílẹ̀ wà láàárín. Wọ́n ti wọ bàtà. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo lọ wé gèlè, mo jókòó. Ni bàbá rẹ bá wúkọ́, kẹ̀hẹ́, kẹ̀hẹ́, wọ́n yí ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ní gbùùùrùrùrù. Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ ló pé, dígí tó ń gbọ̀n, ibi tó ti máa ń fa èémí. Láì rò ó, mo ní bàbá, ibo là ń lọ. Wọ́n sinmi ẹnu díẹ̀, wọ́n ní òkun. Mo tún ní ṣé epo máa gbé wa dé ibẹ̀. Wọ́n ní á gbé wa dé.

Onírédíò sáré wá pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, ó ní wọ́n ń gbọ́ ohùn mi dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, kí lẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín jà sí. Mo ní a ò jà, ìrìn àjò la wà, kó kúrò lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, owó epo tó o máa ń fi ránṣẹ́, jọ̀ọ́ má dá a dúró. Ọ̀fun bàbá rẹ ló ń mu ún báyìí. Súìtì tútù tó máa ń la ọ̀nà ọ̀fun yẹn ni, wọ́n ń jẹ ẹ́ ju bí ọkọ̀ rẹ ṣe ń mu epo lọ, pàápàá tá a bá ń gun òkè. Kó o sì fi díẹ̀ lé e fún pákó àtíbàbà, ti òsì ni. Nígbà tó o bá ń gbé tuntun náà bọ̀, má yọ́ wọlé. Dúró ní ìkóríta, pè mí lórí fóònù. Bàbá rẹ á wá pàdé rẹ, wọ́n á jókòó tì ọ́, wọ́n á máa bá a ké títí dé ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọmọ wa ti dé. Wọ́n ní o kàn máa pariwo díẹ̀ tó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà rẹ ò ní dí. Ẹni tó o bá pè yóò gbọ́ ọ, ẹni tó bá pè ọ́, wàá gbọ́. Iná ọkọ̀ rẹ ò ní kú sí ibi tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, pẹ̀lú bàbá rẹ tó ń dá mi lóhùn.