Ọdún Àwọn Tó Fọ́ Ẹ̀wọ̀n

Ìyá mi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Ọdún àwọn Faransé tó gba ilẹ̀ wa la ṣe lánàá. Àwa la gbá pápá tí àwọn ṣójà wọn ti yan lọ yan bọ̀, wọ́n sì fún wa lẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀.

Bàbá Thược, tó dàgbà jù nínú yàrá ẹ̀wọ̀n wa, bi wọ́dà òyìnbó pé, “Ọ̀gá, ọdún kí lẹ ń ṣe gan-an?”

Wọ́dà ní, “Ọjọ́ tí àwọn baba wa fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ọba ni.”

“Ẹ kú ọdún, ọ̀gá. Ìgbà wo làwa máa ṣe tiwa?”

A rẹ́rìn-ín débi pé ẹran há mi lọ́fun. Wọ́dà pàápàá rẹ́rìn-ín kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Nhạn, àbúrò mi. Ẹ fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ní tíì. Láti inú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n kó sí i lẹ́sẹ̀ látàná nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá Thược ní kí n bá òun kí yín: ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún tiwa.

Ọmọ yín,
Khiêm