Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fún Ọmọbìnrin Mi, Àwòrán fún Àbúrò Mi

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Ọlọ́dà, tí mò ń ya àwòrán sára ọkọ̀ àti pátákó, ni mo ṣe ìhágún yìí. Àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí ṣe é. Agbẹjọ́rò mi ni mo fi lé lọ́wọ́. Kí ó tẹ̀ lé e bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má ṣàánú ẹnikẹ́ni.

1. Ṣọ́ọ̀bù mi àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ńlá inú rẹ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí mo fi ń fọ́n ọ̀dà, di ti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Mo tẹ́tí sí ohùn ẹ̀rọ náà kí n tó yàn án, nítorí ẹni tó ń ya ojú èèyàn kò fẹ́ ariwo. Táǹkì rẹ̀ ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa jáde geere. Ọmọ mi, gbé e sórí rọ́bà tó nípọn kí ó má baà máa gbọ̀n, kí ó sì jìnnà síbi tí ọ̀dà ti ń fò. Má lò ó láìsí asẹ́ tó ń gba omi sílẹ̀. Bí o bá ń ya ẹyinjú, dín agbára afẹ́fẹ́ kù títí ọ̀dà yóò fi máa bà lé pátákó bí èémí. Bí iṣẹ́ bá parí, tú omi inú táǹkì dànù.

Ìyá rẹ jókòó níwájú ẹ̀rọ yìí nígbà tí àìsàn ti mú un. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ yà mí kí ojú mi tó yí padà.”

2. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kékeré tí kò ní táǹkì, kí ẹ fọ́ ọ mọ́lẹ̀ níwájú àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe fọkanáísà, kí ẹ sì kó àfọ́kù rẹ̀ fún un.

Ní òwúrọ̀ tí ìyàwó mi fẹ́ jókòó lẹ́ẹ̀kejì, kékeré yìí ni mo bá nípò ẹ̀rọ mi. Àbúrò mi ti gbé ńlá lọ láti fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Mo lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ṣáà ni afẹ́fẹ́. Ẹ lo ìyẹn ná, àwọn oníbàárà mi ń dúró.”

Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé ìyàwó mi ró lórí àga. Mo lo kékeré. Ó ń fẹ́ ní ìdákúrekú, ó gbóná, ó tu omi sára ọ̀dà tútù. Ojú òsì inú àwòrán náà ṣàn dé àgbọ̀n. Ìyàwó mi ní kí n yí pátákó sọ́dọ̀ òun. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ṣé bí mo ṣe wá dà nìyí?” Kò jókòó fún mi mọ́ títí ó fi kú.

3. Àbúrò mi kò nílé. Mo fún un ní yàrá ẹ̀yìn ilé mi, kí ó máa gbé ibẹ̀ títí ayé rẹ̀. Kí ẹ kan pátákó tí ojú ìyàwó mi ti ṣàn náà mọ́ ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọjọ́ tó bá yọ ọ́, tàbí tó bá fi aṣọ bò ó, kí agbẹjọ́rò lé e síta. Mo mọ̀ pé kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ìdí tí mo fi fún un nìyẹn.

4. Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn àbúrò mi yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dàgbà sí. Bí ó bá bá a yọ pátákó náà, kí ṣọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ òun náà.

Lánàá, àbúrò mi wá kí mi. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ mi, ó gé èékánná mi, ó sì bú sẹ́kún nígbà tó rí bí mo ṣe rù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ, mo ní kí agbẹjọ́rò ka ìwé yìí sí mi létí láti òkè délẹ̀. N kò yí ohunkóhun padà.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi sí i, lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà.

Bàbá Ọlọ́dà

Ó ṣojú wa:
Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀
Káfíńtà, aládùúgbò rẹ̀