Agbẹjọ́rò Tí Kì Í Jiyàn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Ìpàdé ẹbí ní pálọ̀ mi, lórí ohun tí ọmọbìnrin mi yóò kà ní yunifásítì. Ogúnjọ́ oṣù yìí ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ó fẹ́ di agbẹjọ́rò tí í dúró láàárín ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè kan àti ti òmíràn nígbà tí òwò bá dà wọ́n pọ̀. Èmi ní òfin ni kí ó kà, láì yà bàrá. Àbúrò mi ní ìṣòwò ni. (Mo-Ti-Mọ̀ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò sí ohun tí a sọ fún un rí tí kò ti mọ̀.) "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò ka òfin kankan, ẹrù mi sì ń jáde ní èbúté!" Lóòótọ́ ni. Ó ń jáde nígbà tí ẹlòmíràn bá ti ta tirẹ̀ tán. Ó sọ̀rọ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù. Kò tilẹ̀ kí mi kí ó tó jókòó.

Ọmọ náà dúró lẹ́bàá ògiri, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò la ẹnu. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo bi í léèrè èyí tó wù ú. "Èyí tí ẹ bá fẹ́, sà." Ìdáhùn tó dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà gan-an. Ọmọ ilé-ìwé mi ni, láyé ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gírámà. Ilẹ̀kùn gíláàsì, àga tí ń yí bírípó, òtútù bíi mọ́ṣúárì. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú èmi tí mo kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó! Agbẹ́sẹ̀lésẹ̀ ni yóò máa jẹ́ láti òní lọ.

Ó bi ọmọ mi ní ohun tó fẹ́ kà. Ọmọ mi wò mí. Mo dáhùn. Ó tún béèrè. Mo tún dáhùn. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ yunifásítì ni?" Akọ̀wé rẹ̀ sá fi ife kọfí bojú.

Ó wá ní kí àwọn méjèèjì dán nǹkan wò. Òun ń ta ẹ̀rọ láti òkèèrè. Ọmọ mi ni agbẹjọ́rò ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ẹ̀rọ yín á fi oṣù mẹ́fà pẹ́."

"Kò burú, mà."

"Tó bá bàjẹ́ lójú omi, ẹ̀yin lẹ ni àdánù."

"Ẹ ṣé, mà."

"Tíjà bá dé, ilé-ẹjọ́ ìlú tiwa la ó lọ."

"A dúpẹ́, mà."

Agbẹ́sẹ̀lésẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àbúrò, o ti di oníbàárà ẹ tọwọ́tẹsẹ̀ fún mi, o tún ń dúpẹ́!" Ó ní ohunkóhun tó wù kí ọmọ náà kà, kò ní wúlò fún iṣẹ́ yìí bí kò bá lè sọ pé rárá lójú àgbà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Àfojúdi gbáà. Àmọ́ ká sòótọ́: oníbàárà yẹn ì bá gbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti fi ìlànà lélẹ̀: lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ náà máa bá mi jiyàn. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí ó dìde dúró, kí ó ní "ẹ jọ̀ọ́, sà", kí ó tó takò mí. Lónìí mo ní olùkọ́ wúlò ju dókítà lọ. Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà… ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà." Ó jókòó. Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá ẹ̀, ẹnu tẹ́ ẹ ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún pa dé, ṣé ìrọ̀lẹ́ kan lẹ fẹ́ fi ṣí i?" Ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò gbà. Olùkọ́ náà máa ń ṣàìsàn." Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ilẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo-Ti-Mọ̀ tún gbé ìṣòwò rẹ̀ dé. Ọmọ náà dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, Àńkù, ẹrù yín tó há sí èbúté yẹn, ta ni àdéhùn yín sọ pé kó ru àdánù ìdádúró ẹ̀?"

"Àdéhùn wo?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, sà."

Mo-Ti-Mọ̀ yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn?" Mo ní mo gbọ́. Ọmọ náà dìde, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ó ní sà. Àrífín dà níbẹ̀? Mo-Ti-Mọ̀ he kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó lọ láìdágbére.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọ̀la ni. Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òfin ni. Ó parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Mo pè é sídìí kọ̀ǹpútà kí a forúkọ sílẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan, ó wo ojú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe òfin ni màá kọ́kọ́ kà."

Èdè àjèjì àti ètò ọrọ̀ ajé ni, pa pọ̀; òfin yóò tẹ̀ lé wọn. Mo ní yóò fi àkókò ṣòfò. Ó ní agbẹjọ́rò tó ń ti ẹnu ògbufọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ ni àkókò rẹ̀ ń ṣòfò. Mo ní mo ti sọ fún ẹbí. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹbí kọ́ ni yóò jókòó ṣèdánwò. Mo ní ta ni yóò sanwó rẹ̀? "Ẹ̀yin ni, sà. A dúpẹ́."

Mo ní ó tó, kí ó jókòó.

"Ẹ ṣé, sà. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi."

Èmi ni mo jókòó.