Fóònù Tó O Ní Kí N Dán Wò

Bairbre, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé yín ò tíì tún fowó lé owó ilé? Kí Màríà Mímọ́ má jẹ̀ẹ́ kí Dublin gbé ọ mì. Èmi wà, orúnkún mi náà wà, a jọ ń bá ara wa jà ni. Màlúù wa ti bí, akọ ló bí, ojú ẹ̀ jọ ti fadá wa gan-an, ṣùgbọ́n má sọ fún fadá.

O ní kí n lo fóònù aláfọwọ́tẹ̀ tó o fi ránṣẹ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n wá sọ fún ọ bóyá ó dára fún ìlò ojoojúmọ́. O ní ọgọ́fà yúrò péré ni, pé bó bá ti dára, a ó máa rí ojú ara wa lójoojúmọ́, kò ní pọn dandan kó o tún máa wọ bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́rin wálé lọ́dọọdún láti bá mi kó ilẹ̀ ìdáná jọ lábàtà, ẹrẹ̀ tí mo ń gé, tá a ń sá gbẹ, tá a fi ń dáná bí igi. Mo gbọ́. Mo dán an wò bí ẹni ń dán ẹṣin wò lọ́jà. Mo kọ́kọ́ wá eyín ẹ̀, kò ní.

Bó ti jí báyìí, ó bi mí pé ṣé mo gbà. Gbà kí ni? Ó kó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tó gùn ju ìwàásù Ọjọ́ Ẹtì Rere lọ. Bàbá mi àgbà fọwọ́ síwèé tí kò kà, bí pápá etí òkun ṣe di ti ẹlòmíràn nìyẹn, ni mo bá ní n kò gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti ẹ̀ fi wo ara wa lórí tábìlì. Festus aládùúgbò wa ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ní Beartla, ìwọ àgbààyà yìí, ta ló fẹ́ fi àbàtà tìẹ ṣe nǹkan? Mo ní ohun tí wọ́n sọ fún bàbá àgbà náà nìyẹn.

Kò sì gbọ́ ìka mi. Ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń gé ilẹ̀ ìdáná ti sọ ìka mi di pátákò, mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń wò mí. Ọwọ́ tó tọ́ ọ dàgbà ni ò mọ̀ yẹn o! Imú mi ló gbọ́. Nítorí náà imú ni mo fi ń pè ọ́, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ihò imú lo máa ń kọ́kọ́ rí. Délia tó ń pín lẹ́tà yọjú lójú fèrèsé, ó ní òun rò pé mò ń fẹnu ko fóònù lẹ́nu ni. Mo ní kó má jowú.

Lọ́jọ́ kan ó bọ́ sómi lábàtà. Mo yọ ọ́, mo gbé e dúró sáàárín ìṣù ilẹ̀ ìdáná mẹ́rin tí mo forí wọn ti ara wọn, bá a ti ń sá a, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín ẹ̀ kọjá. Festus rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó ní bó bá gbẹ tán, ṣé màá fi se ọ̀dùnkún ni? Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. Ìwọ lò ń pè.

Ojú mi rí ojú rẹ, Bairbre, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni tìrẹ ń wò. Ò ń jẹun. Mo ní màlúù bímọ, o ní ó dáa. Mo ní orúnkún ò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, o ní ó dáa. Ọbẹ̀ díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ. Mo gbàgbé ara mi, mo nawọ́ láti nù ún bí mo ti máa ń ṣe nígbà tó o kéré. Ìka tí kò gbọ́ látọjọ́ yìí, ìgbà yẹn gan-an ló gbọ́. O parẹ́. O ò sì pè padà.

O mọ bí àáró wa ti rí: ilé tí ò bá rán èèyàn lọ sóko ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó ń wá sí tiẹ̀. Ìwọ ni ọwọ́ ilé wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tó jẹ́ ti Festus, fóònù ni mo gbé lọ, mo ní ọmọ mi wà nínú ẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fóònù ò gbé apẹ̀rẹ̀ kan. Sátidé tó ń bọ̀ ni tiwa.

Kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá àléébù sí i lára, kí n lè kọ̀wé pé kò dáa, kó o lè wálé. Ṣùgbọ́n n kì í parọ́ mọ́ ẹran tí mo bá ń tà. Iná ẹ̀ ń gbé ọjọ́ méjì. Ohùn ẹ̀ já gaara nínú ìjì. Lẹ́tà ẹ̀ tóbi tó fún ojú mi, omi ò sì pa á. Fóònù yìí dára, Bairbre, ó dára fún ìlò ojoojúmọ́, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Fi àádọ́ta yúrò ránṣẹ́, kí n fi bẹ ẹni tí yóò kó ilẹ̀ ìdáná wálé, nítorí òtútù ò ní gbọ́ pé mo ní fóònù. Bó o bá sì fẹ́, fi owó kan náà wọ bọ́ọ̀sì.

Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ. Ọmọ náà yóò là, yóò lówó tó lè ra fóònù tó dáa jùlọ fún ọ. Kó má sì rà á.

Èmi bàbá rẹ,
Beartla