Ojú Tó Dá Ni Ká Bò

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú àárò ilé. Ṣé ikọ́ yẹn ti fi yín sílẹ̀? Àwọn awakùsà tí ẹ ń se oúnjẹ fún ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jẹun bíi pé ẹnì kan ń lé wọn? Ara Màmá wa le. Ọmọ yín náà ń jẹ, ó ń ṣeré. Ojú rẹ̀ ló gbé mi dórí ìwé yìí.

Ẹ rántí pé dókítà ojú ní ojú òsì rẹ̀ ti ya ọ̀lẹ, pé ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ó ní ká máa fi pílásítà bo ọ̀tún ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kí òsì lè jí. Àràárọ̀ ni mo ń lẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko! Nígbà tí a padà lọ lánàá, òsì ti burú sí i. Dókítà wò mí bí ẹni ń wo ọ̀daràn.

Lójú ọ̀nà ilé ni ọmọ yín rọra fà mí láṣọ: "Àǹtí, ẹ má bínú o. Màmá Àgbà máa ń yọ ọ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sí ojú kejì. Wọ́n ní èyí tó ń ṣàìsàn ló yẹ kó sinmi."

Mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá títí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀mọ̀wé! Ṣé ẹsẹ̀ tó dá ni wọ́n ń di báńdéèjì mọ́ níbi tí o ti kàwé?" Wọ́n ní àfi tí ìyá ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bo ojú tó dá nínú ilé àwọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọmọ yìí á pé ọdún méje lóṣù tó ń bọ̀, dókítà sì ní bó ṣe ń dàgbà sí i ni ojú náà á máa ṣorí kunkun sí ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé fóònù kì í wọlé lọ́dọ̀ yín àfi tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sí ìlú ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó pe Màmá.

Láàárọ̀ yìí mo bo ọ̀tún, mo jókòó síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó nawọ́, ó fọwọ́ kan imú mi, ó fọwọ́ kan etí mi, ó ní, "Àǹtí ni àbí Màmá Àgbà?" Bẹ́ẹ̀ a sún mọ́ra débi pé orúnkún wa ń kan ara wọn o!

Ẹ bá mi kí awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá. Ọmọ yín kí yín. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, bí pílásítà bá wà lójú òun, kí ẹ tètè sọ̀rọ̀, kí òun lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Àbúrò yín tó ń retí Sátidé,
Ọ̀mọ̀wé.