Ẹ Má Dí Ihò Ara Ògiri Yẹn

Olger ọmọ mi,

Ṣé ara le? Àbí búrẹ́dì gbígbẹ lo ṣì ń jẹ sùn níbẹ̀? Santa Lucía, ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ojú wa, yóò máa fi ojú rere wò ọ́, o kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún ń ro ó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí i ti tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí mo fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́, pé kí ẹ fi dí ihò ọta ara ògiri ibi iṣẹ́ yín, bárékè tí àwọn sójà ayé àtijọ́ fi sílẹ̀, tí ẹ ń kó ohun àtijọ́ sí fún àfihàn, kí àlejò má baà máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, má tíì tú u. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Fóònù tí o rà fún mi ti kú. Àwòrán ogun tí o fi ránṣẹ́, níbi tí ilé ti ń wó lu èèyàn, ló bà mí lẹ́rù, mo wá wọ́n omi mímọ́ sí i kí ogun náà má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ogun náà dúró lóòótọ́, àmọ́ fóònù bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rí ọ pè lọ́jọ́ ọdún Santa Lucía, ọjọ́ tí ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Mo ti fi yàrá ẹ̀yìnkùlé fún tọkọtaya ará Haiti kan tó wá bá wa já kófì, Dieusel àti Mislène. Ìbọn àwọn jàǹdùkú ló lé wọn nílé. Ọmọ wọn obìnrin, Woodeline, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó sì ti rìn jìnnà débi pé ó ti gbọ́ èdè wa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ilẹ̀ ọjọ́ ọdún ṣe mọ́, Abundio àbúrò bàbá rẹ yin ẹ̀tù ọdún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe máa ń ṣe, gbàmù, gbàmù! Bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni Mislène dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń kígbe pé ká dùbúlẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Olger, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dìde ni kò rí ọmọ rẹ̀ mọ́.

A wá a láàárín kófì, a wá a dé etí odò, àlùfáà pàápàá ká aṣọ sókè, ó ń wọ igbó kiri. Abundio ní kí òun yin ẹ̀tù sí i, kí ọmọ lè gbọ́ ọ kó fi mọ̀nà ilé. Tomijé-tomijé ni Dieusel fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo yà sílé kí n dá iná sí ààrò amọ̀ wa, kí àwọn tó ń wá ọmọ lè rí búrẹ́dì jẹ. Mo ti to igi sẹ́nu ààrò, mo ti ṣá ìṣáná, ni nǹkan bá húkọ́ nínú rẹ̀. Mo ju ìṣáná nù, mo tú igi ká.

Bí mo ṣe fa Woodeline jáde, ó bi mí pé ṣé àwọn sójà ti lọ. Mo ní a kò ní sójà nílẹ̀ wa, ìjọba ti tú wọn ká kí wọ́n tó bí mi. Ó ní ta ló wá ń yìnbọn. Mo ní Santa Lucía la fi ń yẹ́ sí. Ó ní ṣé ó ń bínú sí wa ni. Bàbá rẹ gbé e, tòun ti orúnkún tó ń ro ó, ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀.

Abundio ti gbà pé lọ́dún tó ń bọ̀, àtùpà bébà la ó tàn, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń gbé lálẹ́ ọdún òmìnira. Nítorí náà, fi owó àbẹ́là àti bébà aláwọ̀ ránṣẹ́, àti ti fóònù tí kò bẹ̀rù omi. Sìmẹ́ńtì yẹn, dá a padà, bàbá rẹ yóò fi tún ààrò ṣe. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo ní kí ẹ má dí ihò kankan. Ibẹ̀ nìkan ni èèyàn bí èmi, tí kò rí ogun rí, ti lè fi ọwọ́ kan ogun.

Ìró tí etí mi kò mọ̀, kí etí tìrẹ náà má mọ̀ ọ́n láéláé.

Èmi ìyá rẹ,
Eduviges